Òpìpí àti Omi Inú Ọparun

Nígbà láéláé, nígbà tí adìẹ ṣì ń mu omi bí ewúrẹ́ ti ń mu ún, bí adìẹ bá dé ibi omi, yóò tẹ orí ba, yóò ki ẹnu bọ̀ ọ́, yóò sì máa fà á títí ikùn rẹ̀ yóò fi kún. Kì í gbé orí sókè. Kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Ẹlòmíràn nínú wọn tilẹ̀ máa ń dijú.

Ní àkókò náà, obìnrin amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ó ti ń sin adìẹ. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà gíga yí ibẹ̀ ká nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó sì kọ́ ilé kékeré kan sí àárín rẹ̀ tí wọ́n ń sùn sí. Inú ọgbà yìí ni Òpìpí ń gbé.

Òpìpí jẹ́ adìẹ tí ìyẹ́ ara rẹ̀ kò pé. Ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, apá rẹ̀ méjèèjì sì dà bí ẹ̀ka igi tí ewé ti wọ́ kúrò lára rẹ̀. Kò lè fò. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí ó bá jókòó, àyà rẹ̀ yóò já. Bí ó bá dìde, yóò máa rò ó pé bóyá ó yẹ kí òun ṣì jókòó.

Lọ́dún náà, ó pa ọmọ mẹ́sàn-án.

Omi tí àwọn adìẹ ń mu wà nínú àpáàdì ńlá kan, ìdí ìkòkò tó fọ́, tí Àwẹ̀ró gbé kalẹ̀ sínú ọgbà. Láràárọ̀ ni ó ń bu omi tó mọ́ sínú rẹ̀. Kí oòrùn tó gòkè, omi náà á ti di ẹrẹ̀. Àwọn adìẹ a tan ilẹ̀ sí i. Wọ́n a yàgbẹ́ sí i. Pẹ́pẹ́yẹ a sì wọ inú rẹ̀ lọ wẹ̀, a gbọn ìyẹ́, a jáde, a ní omi yẹn tutù dáadáa.

Ní ọjọ́ kan, méjì nínú àwọn ọmọ Òpìpí kó sínú àpáàdì náà, wọn kò sì rí ọ̀nà jáde. Kò pẹ́ sí i, àwọn mẹ́ta mìíràn mu nínú omi ìdọ̀tí yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ funfun. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn náà ti kú. Ó wá ku mẹ́rin. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni Àbígbẹ̀yìn, ẹni tí ẹyin rẹ̀ pẹ́ jù kí ó tó là.

Láti ìgbà náà, Òpìpí kò lè jókòó mọ́ rárá. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà ọgbà dé ìdí ògiri ilé adìẹ, ó ń rìn láti ìdí ògiri dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó ṣe rí Pẹ́pẹ́yẹ nínú omi, ó kọ lù ú.

"Bí ìwọ bá rí omi, ìdí lo kọ́kọ́ máa ń fi sí i," ó wí. "Inú ohun tí o fi ń wẹ̀ ni ọmọ mi ń kú sí."

Pẹ́pẹ́yẹ jáde nínú omi, ó gba ẹ̀yìn ilé adìẹ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gbẹ́ kòtò tirẹ̀ tí yóò máa wẹ̀ nínú rẹ̀.

Òpìpí wá gba abẹ́ ọgbà yọ, ó lọ bá Àwẹ̀ró ní ìdí amọ̀.

"Òpìpí, kí ló ń lé ọ?" Àwẹ̀ró bi í. "Àárọ̀ yìí nìkan, ìgbà mẹ́fà lo ti wá síbí."

"Ìyá, omi ilẹ̀ yìí ni. Ó ti pa márùn-ún nínú àwọn ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ fún wa."

"Bí mo bá gbé e sókè, báwo lẹ ó ṣe máa mu ún?"

"Èmi ò mọ̀, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ mọ ìkòkò. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ohun tó bá wà nílẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀."

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ kúrò nínú amọ̀, ó sì wo adìẹ náà pẹ́. Ó rí ọrùn rẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, ó rí bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan tí ó ń sọ èkejì kalẹ̀, bí ẹni tó dúró lórí iná. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó mọ àmù ńlá kan, ó dá ihò kékeré sí i nítòsí ìdí kí ó tó sun ún. Ó ri òpó mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó so orí wọn pọ̀, ó sì gbé àmù náà lé wọn. Ó gé ọparun gígùn kan, ó gún gbogbo oríkèé inú rẹ̀ títí ó fi lu já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ki orí kan bọ ihò àmù, ó fi ìda oyin dí ẹ̀gbẹ́gbẹ́ rẹ̀ kí omi má baà jò. Orí kejì, ó dí i, ó wá lu ihò tín-ín-rín kan sábẹ́ rẹ̀, ihò tí kò ju ti abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Níbẹ̀ ni omi yóò ti máa kán tó, tó, tó sínú ọpọ́n amọ̀ kan.

Ọpọ́n yìí ló fún un níṣẹ́ jù. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e lé òkúta kan, ó rẹlẹ̀ jù, àwọn adìẹ tún tan ilẹ̀ sí i. Nígbà tó gbé e lé òkúta mẹ́rin, ó ga jù, wọ́n ń na ọrùn títí ọrùn fi ń dùn wọ́n. Ní ìkẹyìn, ó ní kí Òpìpí wá dúró ti òun, ó sì gbé ọpọ́n náà sí ibi tó bá ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Ó tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan síwájú rẹ̀ kí àwọn ọmọ adìẹ lè máa dúró lé e. Ẹnu ọparun ní tirẹ̀ ga ju orí adìẹ lọ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ṣá a jẹ.

Omi kán tó, ó tún kán. Ọpọ́n kún díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ Òpìpí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun òkúta, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n mu omi tí wọ́n lè rí ìsàlẹ̀ ọpọ́n nínú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Ìyá," Òpìpí wí. Ṣùgbọ́n kò tíì sinmi. "Tí omi òkè bá tán ńkọ́?"

"Mo lè pọn ún," ni Àwẹ̀ró wí. "N ó máa fi ewé eépín fọ ọpọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ kí n máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún ni kí ẹ wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ."

Òpìpí gbé ojú sókè, ó rí Ẹyẹlé lábẹ́ òrùlé Àwẹ̀ró. Láti ibi tí Ẹyẹlé bà sí, kedere ni ó ń rí inú àmù.

"Ẹyẹlé, bá wa ṣọ́ omi," ó bẹ̀ ẹ́. "Ìwọ ni yóò máa kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án."

"Kí ni kí n máa wò gan-an?" Ẹyẹlé bi í.

"Àmù ni. Bí omi inú rẹ̀ bá ti dín dé ìdajì, kí o ké sí wa."

"Mo gbọ́. Àmù ni n ó máa wò."

Ẹyẹlé kò sì yẹ àdéhùn; bí ó tilẹ̀ ń mu omi lọ́wọ́, ó ń gbé orí sókè wo ọ̀dọ̀ àmù. Ní gbogbo ìgbà tí omi bá ti fà dé ìdajì, yóò ké, Àwẹ̀ró yóò sì gbé korobá lọ sí odò. Òjò dá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kò sì sí ọmọ adìẹ kan tó tún kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìránṣẹ́ dé láti ìlú tí ọmọ Àwẹ̀ró obìnrin ti ń gbé nílé ọkọ. Ọmọ rẹ̀ náà ń rọbí. Àwẹ̀ró kò jẹun, kò wẹ̀. Ó pọn omi kún àmù dé ẹnu, ó fọ ọpọ́n wàràwàrà, ó da ọkà sílẹ̀ fún àwọn adìẹ, ó sì fi igi há ilẹ̀kùn ọgbà. Ó dí gbogbo ojú tí wọ́n lè gbà jáde, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má baà gba ibẹ̀ wọlé.

"N ó padà dé ní ọ̀túnla," ó wí fún wọn, ó sì lọ.

Nínú ìkánjú yìí, ohun kan wà tí kò wò. Láti ìgbà tí ó ti gbé ọparun náà síbẹ̀, kò fọ inú rẹ̀ rí. Ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń hù nínú omi ti ń hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, ó sì ti ń sún mọ́ ẹnu ihò tín-ín-rín yẹn díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, omi kán. Òpìpí kò jókòó.

"Ẹyẹlé, ṣé omi wà?"

"Omi wà."

Ó lọ dé ìdí ògiri, ó padà.

"Ẹyẹlé, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà. Kò tíì kúrò lọ́rùn àmù."

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ fẹ́ gan-an. Ẹnu Pẹ́pẹ́yẹ gbẹ, kòtò rẹ̀ gbẹ, erùpẹ̀ inú ọgbà di lẹ́búlẹ́bú. Òpìpí béèrè ọ̀rọ̀ kan náà títí ó fi sú Ẹyẹlé.

"Òpìpí, jókòó," ni Ẹyẹlé wí. "Láti àná lo ti ń bi mí. Omi kún inú àmù. O ò fẹ́ sinmi, o ò sì jẹ́ kí àwa tó fẹ́ sinmi sinmi."

Ojú ti Òpìpí. Ó ronú pé òótọ́ ni. Ta ni ó ń sáré bí òun nínú gbogbo àwọn adìẹ? Àwọn yòókù ti mu omi, wọ́n ti lọ sùn lábẹ́ òjìji. Àwọn ọmọ òun ń ṣeré lẹ́yìn òkìtì igi kan nínú ọgbà. Láti ìgbà tí ẹyin wọn ti là, kò mu omi yó rí. Bí ó bá ti mu díẹ̀, yóò sáré lọ wò wọ́n.

Ó lọ sí ìdí ọpọ́n. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé yóò kún padà. Ó tẹ orí ba. Ó dijú. Ó fà á, ó fà á, omi tutù náà ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ àyà rẹ̀ sì rọ̀. Ó mu títí ẹnu rẹ̀ fi kan ìsàlẹ̀ ọpọ́n.

Nígbà tó lajú, ọgbà dákẹ́. Kò gbọ́ tó, tó, tó ti omi mọ́. Ó dúró, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré dé, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n. Wọ́n gun òkúta, wọ́n ki ẹnu bọ ọpọ́n. Amọ̀ gbígbẹ ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Màmá, kò sí omi," ni àkọ́bí wí.

"Ẹyẹlé, omi ti tán!" Òpìpí ké.

Ẹyẹlé wo inú àmù. "Kò tán. Ó ju ìdajì lọ dáadáa."

"Irọ́ lo ń pa. Ọpọ́n ti gbẹ."

"Èmi? Irọ́? Wá gòkè wá wò ó."

"O mọ̀ pé mi ò lè fò," Òpìpí wí. "O ti fò lọ síbòmíràn, o gbàgbé wa. Ọmọ mi ni yóò jìyà rẹ̀."

Ẹyẹlé na apá, ó fò lọ sórí òrùlé aládùúgbò, ó sì kẹ̀yìn sí wọn.

Àwọn adìẹ yòókù jí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wọ́n fò, wọ́n fẹ́ bà lé ọparun, ó ń yí mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan fi ara gbá òpó, àmù mì, gbogbo wọn sì sá sẹ́yìn. Bí àmù bá fọ́, ó parí nìyẹn. Wọ́n lọ fi ara ti ilẹ̀kùn ọgbà, igi tí Àwẹ̀ró fi há a kò mì. Oòrùn gòkè. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Òpìpí ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Àbígbẹ̀yìn dùbúlẹ̀ lẹ́yìn òkìtì igi, kò dìde mọ́.

Òpìpí ń yí ọpọ́n ká. Ohun kan náà ló ń wí ní gbogbo ìgbà: "Èmi ni mo mu ún tán. Èmi ni mo mu ún tán."

Pẹ́pẹ́yẹ ló jáde láti ẹ̀yìn ilé adìẹ. Ó rìn wá, ó gun òkúta pẹlẹbẹ náà, ó sì dúró sábẹ́ ẹnu ọparun.

"Gùn mí," ó wí.

Òpìpí wò ó. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí i lọ́jọ́sí wá sí i lọ́kàn.

"Ìyẹ́ ò pọ̀ lára rẹ, o ò lè wúwo," Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Gùn mí, kí o wo ohun tó wà ní ẹnu ọ̀hún."

Òpìpí gun ẹ̀yìn Pẹ́pẹ́yẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ó na ọrùn rẹ̀ tó wà ní ìhòòhò títí ó fi rò pé yóò já, ó sì wo abẹ́ ọparun. Ó rí ohun aláwọ̀ ewé kan tó dí ihò náà pinpin. Nígbà náà ló yé e pé Ẹyẹlé kò purọ́. Omi wà lókè. Ọ̀nà ni kò sí.

Ó ṣá a. Ẹ̀ẹ̀kan, kò jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì, díẹ̀ jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ṣóńṣó ẹnu fà á yọ, ó gùn bí okùn, omi sì ṣàn lé e lójú.

Àwọn ọmọ mẹ́ta ti wà nídìí ọpọ́n. Òpìpí kò dúró wò wọ́n. Ó gba omi sẹ́nu, ó sáré lọ sẹ́yìn òkìtì igi, ó kán an sí Àbígbẹ̀yìn lẹ́nu. Omi náà ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó sáré padà, ó gba òmíràn wá. Ìyẹn náà tún ṣàn dànù. Ọmọ náà kò ní agbára láti fà á.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Òpìpí fi ẹnu ara rẹ̀ ti àgbọ̀n ọmọ náà sókè.

"Gbé orí sókè, ọmọ mi," ó wí. "Gbé e sókè, kí ó lè rí ọ̀nà lọ."

Orí Àbígbẹ̀yìn lọ sókè, omi náà sì lọ sílẹ̀. Òpìpí lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Kò ka iye ìgbà. Kí oòrùn tó wọ̀, Àbígbẹ̀yìn ti dìde. Ó tàgé dé ìdí ọpọ́n fúnra rẹ̀. Ó ki ẹnu bọ omi, ó gba díẹ̀, ó sì gbé orí sókè kí ó lè rí ọ̀nà lọ, nítorí bí wọ́n ṣe fún un nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró dé. Ọmọ rẹ̀ ti bí ọmọbìnrin, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó pe Ẹyẹlé sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu gbogbo wọn, ó sì wo ohun aláwọ̀ ewé tó wà nílẹ̀.

"Ẹyẹlé kò jẹ̀bi," ó wí. "Àmù lẹ ní kó máa wò, àmù ló wò. Èmi ló yẹ kí n fọ ọparun, mi ò fọ̀ ọ́. Òpìpí, bẹ̀ ẹ́."

Òpìpí fi àyà lélẹ̀ níwájú Ẹyẹlé. "Dárí jì mí. Mo pè ọ́ ní òpùrọ́, o kì í ṣe òpùrọ́. Padà wá bá wa ṣọ́ omi."

"Mo ti dárí jì ọ́," Ẹyẹlé wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ṣọ́ omi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wo òkè fún yín títí, èébú ni mo gbà. Láti òní lọ, bí mo bá ti ki ẹnu bọ omi, mi ò ní gbé orí títí n ó fi yó. Ẹni tó bá fẹ́ wòkè, kó máa wò ó."

Ó rìn lọ sí ìdí ọpọ́n lójú gbogbo wọn, ó tẹ orí ba, ó mu ún, ó yó, ó sì fò lọ.

Àwẹ̀ró yọ ọparun, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ fọ inú rẹ̀, ó fi omi gbígbóná ṣàn án. Ó pe Òpìpí.

"N ó máa fọ̀ ọ́ nígbàkígbà tí mo bá ń fọ ọpọ́n," ó wí. "Mo ṣèlérí. Wá mu omi, kí ara rẹ balẹ̀."

Òpìpí gbà á gbọ́. Ó lọ sí ìdí ọpọ́n, ó tẹ orí ba, ó sì gba omi sẹ́nu. Kò tíì gbé e mì tí àyà rẹ̀ fi já. Ó gbé orí sókè, ó wo ẹnu ọparun. Ó ń kán. Ó tẹ orí ba, ó gba díẹ̀. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró ńkọ́? Ó tún gbé orí sókè. Ó ń kán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí òùngbẹ fi kúrò lọ́fun rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tẹ orí ba, wọ́n ń gbé e sókè. Àwọn adìẹ yòókù, tí ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára wọn, wá tò tẹ̀ lé wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun adìẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fa omi, tó fi jẹ́ pé bí ó bá mu díẹ̀, àfi kí ó wòkè. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹyẹlé ti ń tẹ orí ba mu omi ní àmuyó.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọpẹ́ ni adìẹ ń dá nígbà tó bá wòkè bẹ́ẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi. Ẹni tó rí omi mu yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni tó ń sin adìẹ, ìbáà jẹ́ ike ni wọ́n fi ń fún wọn lómi, ìbáà jẹ́ abọ́, kí ẹ dúró wo ìyá adìẹ kan dáadáa. Omi wà níwájú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Yóò mu, yóò wòkè. Yóò mu, yóò wòkè. Kò tíì dá a lójú.